Fọ́ọ̀mù tí Dókítà Hàmdálàt Ní Kí N Má Dá Padà

Ojo ni Dókítà Hàmdálàt Mákánjúọlá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mi ò bú u. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú eyín tó ṣí sí Bajulaiye ní Èkó, ní yàrá méjì tó wà níwájú ilé bàbá rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù sì tún ń bà á tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó bá fẹ́ yọ eyín, á kọ́kọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn, á mu omi, á ka nǹkan sábẹ́ ètè, á wá jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó wà lórí àga á rò pé ó lọ fọ ọwọ́ ni. Èmi tí mo mọ̀, màá ṣe bí ẹni tó ń to òwú.

Sabina Ikúmápàyí lorúkọ mi. Ìlàjẹ, létí ọ̀sà ní Bariga, ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ìyá mi ti fi ẹja yíyan tọ́ wa. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Kò burú. Ẹnu tó mú yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ méjì lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, òun náà ni mo sì fi ń dá àwọn géńdé ọkùnrin padà sórí àga tí wọ́n bá ti rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ sá lọ. Dókítà kéré sí mi ní ọdún méjìdínlógún. Sístà ló ń pè mí, bí ó bá sì fẹ́ rán mi níṣẹ́, á kọ́kọ́ tẹ orúnkún díẹ̀, àfi bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ń san owó oṣù mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ọdún tó parí yunifásítì, wọ́n gbé e lọ ṣe ọdún ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú tó jìnnà sí Èkó. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Eyín ẹ̀yìn ló jẹrà sí i lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn ará ilé ti fi ń ki aṣọ bọ omi gbígbóná, tí wọ́n ń fi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nílé. Wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Wíwú náà bá sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ahọ́n, ó gba ọrùn. Ọmọ náà ò lè dùbúlẹ̀, kò lè gbé itọ́ ẹnu ara rẹ̀ mì. Dókítà tó lè fi ọ̀bẹ là á kí ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ìlú mìíràn ló sì wà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Hàmdálàt ló gbé ọmọ náà jókòó, ó fi àyà tì í lẹ́yìn, ọmọ náà sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí mọ́tò tó dé, èémí ti tán. Wákàtí méjì ni, ó ní wákàtí méjì gbáko ni òun fi ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló sọ ọ́ fún mi, à ń jẹ ẹ̀wà. Mo ju ṣíbí sílẹ̀. Mo ní, "Dókítà, kì í ṣe ẹjọ́ yín." Ó ní, "Mo mọ̀, Sístà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló dì mú."

Ìgbà tí mò ń wí yìí, oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni. Àwọn ṣọ́jà ti padà sí bárékè, ìjọba alágbádá ti lo ọdún kan àbọ̀, kálukú ló sì ń sọ pé nǹkan máa dára. Àwọn ọmọ tí ìwé wọn ti há láti ayé ológun bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù káàkiri. Dókítà wa náà ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ tí oníṣègùn eyín máa ń ṣe kí ó tó lè lọ kọ́ṣẹ́ di àgbà nínú ẹ̀ka kan, ó sì yege. Ilé ìwòsàn ńlá kan, tí mi ò ní dárúkọ, fún un ní fọ́ọ̀mù. Kí ó kọ ẹ̀ka tó fẹ́ síbẹ̀, kí ó sì dá a padà kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, tó lù. Bí aago bá kọjá méjìlá, ó di ọdún tó ń bọ̀, ta ló sì mọ ohun tí ọdún tó ń bọ̀ máa gbé wá?

Ẹ má rò pé eyín kan náà ni gbogbo rẹ̀ o. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka kan wà fún eyín ọmọdé, ẹ ó kàn máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ kó la ẹnu títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Òmíràn wà fún títo eyín tó wọ́, wáyà ni wọ́n fi ń fà á, àwọn ọmọ olówó ló sì ń wá. Òmíràn tún wà fún èrìgì, àwọn kan ń ṣe eyín àtọwọ́dá, àwọn kan sì wà tí wọn kì í fọwọ́ kan ènìyàn rárá, wọ́n á kàn gé ẹran ara bíńtín sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, wọ́n á máa wo àrùn tó wà nínú rẹ̀. Ti ìlera eyín ará ìlú tún wà: kí ènìyàn máa lọ láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́, kó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu. Iṣẹ́ abẹ ló wá kù, iṣẹ́ abẹ ẹnu àti egungun ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fọ́ nínú jàǹbá ọkọ̀, kókó tó hù sí àgbọ̀n, ọrùn tó wú bíi ti ọmọ ọjọ́sí. Ẹ̀jẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, bàbá arúgbó kan báyìí, wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí mo ṣe ń pe ilé ìtọ́jú náà, lọ́jọ́ kan. Ó dúró tì í, ó wò ó bó ṣe ń yọ eyín ọgbọ́n, èyí tó ń hù kẹ́yìn pátápátá, tó há sínú egungun. Nígbà tó parí, bàbá náà ní, "Hàmdálàt, iṣẹ́ abẹ ni tìẹ. Ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ tí à ń fi to wáyà." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Nígbà tí bàbá lọ tán, mo bá a ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń bì.

Ó kọ gbogbo ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ilé ẹ̀kọ́. Ó wá fi àyè ẹ̀ka sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù fi wà nínú dúrọ́ọ̀. Bí ó bá ṣí i, á tún tì í.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn tí èmi Sabina fún un, kí ẹ sì bú mi tó bá wù yín. Mo ní, "Dókítà, ẹ mú ti ará ìlú." Mo ní ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀, ikú kò sí níbẹ̀, ẹ ó sì máa sùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mi ò sọ ni pé ti ará ìlú yẹn, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló máa fi lọ sí kíláàsì, ṣọ́ọ̀bù wa á sì wà ní ṣíṣí. Iṣẹ́ abẹ ní tiẹ̀, ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, ọ̀sán ni, òru ni, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé. Ó máa ti Bajulaiye pa. Èmi wá ńkọ́? Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ta ló máa gbà mí síṣẹ́? Ẹ̀rù tèmi náà nìyẹn, mo kàn fi ìmọ̀ràn bò ó mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Alámísì, ọ̀la ni fọ́ọ̀mù máa wọlé. Ó ti pinnu. Ó sọ fún mi láàárọ̀ pé òun máa kọ ti ará ìlú, tí òun bá ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Aago méjì ọ̀sán ni Rilwan Ọdẹ́túnjí wọlé. Òun ló ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ lápá òsì ń pa á kú lọ, ó ti fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Dókítà bi í ní gbogbo ìbéèrè. Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru? Rárá. Ṣé ó fara gbọgbẹ́ rí kí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ kó má dá? Rárá. Ṣé oògùn kan wà tó ń lò? Rárá. Dókítà lọ mu omi rẹ̀ ní ẹ̀yìn, ó jáde, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fi ẹ̀mú yọ eyín náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó mọ́ tónítóní. Ó fi òwú sí ojú ihò, ó ní, "Bọ̀dá Rilwan, ẹ di eyín mọ́ ọn dáadáa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má mu nǹkan gbígbóná." Ọkùnrin náà mi orí pé òun gbọ́, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí aago márùn-ún kọjá díẹ̀, mo ń gbálẹ̀, mo gbọ́ igbe obìnrin. Falilat ni, ìyàwó Rilwan. Ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú wọlé. Yéè! Ẹ ò rí ọkùnrin yẹn. Gbogbo iwájú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló pọ́n. Ó gbé agolo mílíìkì kan dání, ó tutọ́ sínú rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Ó tún tu òmíràn. Agolo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Dókítà, ẹ gbà mí o!" ni Falilat ń ké. "Bàbá Ahmed ò ṣe báyìí rí o! Láti ọ̀sán ni, kò dá!"

Mo wo ojú Dókítà. Kò tilẹ̀ ráyè lọ mu omi rẹ̀. Ó gbé ọkùnrin náà sórí àga, ó fọ ihò náà, ó fi òwú tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe gbé ọwọ́ kúrò, Rilwan dìde jókòó, ó yọ òwú, ó tutọ́. Ẹ̀jẹ̀ tún dé. Dókítà ní kí n gbé okùn tí a fi ń rán ojú egbò wá, ó rán ojú ihò náà pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rí i rán. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Rilwan tún dìde, ó tún tutọ́, ẹ̀jẹ̀ náà tún ń bọ̀. Ìka ọkùnrin náà ti tutù.

Dókítà fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Sístà, ó máa kú. Bíi ti ọmọ ọjọ́sí. Ó máa kú sí mi lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá."

"Àwọn dókítà ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Túsìdeè! Kò sí dókítà kankan níbẹ̀."

Mo sáré. Ẹ ṣáà wo arúgbó bíi tèmi, mo ká aṣọ sókè, mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù fún èèyàn ní ìkóríta. Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá Dókítà, bàbá arúgbó yẹn. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní kí wọ́n pe ilé ìwòsàn aládàáni kan tí wọ́n ní dókítà abẹ máa ń wá sí. Ọmọbìnrin kan gbé e, ó ní dókítà náà ti rin ìrìn àjò, ó di ọjọ́ Ajé. Mo ní, "Ta ló wá wà nílẹ̀?" Ó ní kò sí ẹnì kankan, màá. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mi ò sì ní láti sọ ọ́. Bó ṣe rí ojú mi ló ti mọ̀.

Ibi tí a dúró sí nìyẹn tí Rilwan fi gbé ojú sókè wo aago ara ògiri. Ó fi ìka tọ́ka sí i. Ó sọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó ló kù kí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbà?"

Dókítà dúró gbagidi. Ó ní, "Bọ̀dá Rilwan, ṣé ààwẹ̀ wà lẹ́nu yín?"

Falilat ló dáhùn. "Háà, Dókítà! Oṣù Ramadan kẹ̀? Láti ìgbà tó ti bàlágà, kò já ọ̀kan rí."

Ẹ gbọ́ mi. Ààwẹ̀ ti wọ ọjọ́ kejìdínlógún, gbogbo Bajulaiye ló ń gbà á, Dókítà fúnra rẹ̀ ń gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń ṣe nǹkan oṣù, kò sì sí ààwẹ̀ fún obìnrin tó bá wà nínú rẹ̀. Ó ti jẹun ọ̀sán. Ààwẹ̀ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Èmi, ọmọ ìjọ Àgùdà, kí ló kàn mí? Àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó rántí bi í. Ọkùnrin náà sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá gbé itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ mì, ààwẹ̀ òun ti bàjẹ́. Ó yọ òwú kí ó tó jáde lẹ́nu ọ̀nà wa, láti aago méjì àbọ̀ ni ó sì ti ń tutọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá fẹ́ dì sójú ihò, á fi agbára itọ́ fà á jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Mo fẹ́ bú u. Ẹnu mi ti yà. Dókítà fi ojú dá mi dúró.

Ó kúnlẹ̀ níwájú àga. "Bọ̀dá mi, ẹ má tutọ́ mọ́. Ẹ gbé e mì. Ọlọ́run fàyè gba aláìsàn láti já ààwẹ̀, ẹ ó san án padà tó bá yá."

Rilwan mi orí pé rárá. Omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo ti kírun Alásárì tán, Dókítà. Kí n wá já a báyìí?" Ó tún na ọwọ́ sí agolo.

Falilat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ lórúkọ ìyá rẹ̀. Kò gbọ́. Aago ara ògiri ti di mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó kù bí ogójì ìṣẹ́jú kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá tutọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú mìíràn, mi ò mọ ẹni tí a máa gbé e lọ bá.

Dókítà wá sọ agolo náà nù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbá a lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́n sílẹ̀, mo sì pariwo. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ máa gba ààwẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ti di tèmi." Ó ní kí Rilwan tẹ̀ síwájú, kó dojú kọlẹ̀, kó la ẹnu. Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí itan rẹ̀. Ó fi òwú tuntun sí ojú ihò, ó sì fi ìka ara rẹ̀ méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi àtàńpàkò gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú nísàlẹ̀. Ó ní, "Itọ́ tó bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ẹ má gbé e mì, ẹ má sì tu ú. Ọwọ́ mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun."

Ẹ wò ó, mo ti rí nǹkan láyé mi. Mi ò rí irú ogójì ìṣẹ́jú yẹn rí. Iná lọ láàárín rẹ̀, mo tan àtùpà, mo gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Itọ́ pupa ń kán sórí táwẹ́ẹ̀lì, mò ń wo àwọ̀ rẹ̀, mò ń gbàdúrà Màríà nínú ikùn. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, mo nù ún. Nígbà tó yá, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo fi ọwọ́ gbé ìgúnpá rẹ̀ dúró. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n gbà á lọ́wọ́ yín." Ó ní, "Rárá. Bí mo bá gbé e kúrò báyìí, Sístà, mi ò ní lè dá a padà."

Itọ́ náà pọ́n, ó pọ́n, ó wá rẹ̀ díẹ̀. Ó di bí omi zobo tí wọ́n bu omi lé. Ó tún rẹ̀ sí i. Falilat ti jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ la wà títí a fi gbọ́ ohùn làdáánì láti mọ́ṣáláṣí ìkóríta.

Dókítà yọ ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A dúró. Mo sún àtùpà mọ́ ọn. Ihò náà dúdú, ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ń jáde.

"Omi tútù," ni Dókítà wí. "Ẹ má fẹnu kan ògì gbígbóná lónìí. Kí ẹ mu omi tútù, kí ẹ gbé e mì." Rilwan mu ún, ó ń gbé e mì, ó ń sunkún. Falilat fẹ́ kúnlẹ̀ fún wa, mo gbé e dìde, mo ní kó máa mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé, kó má sì jẹ́ kó tutọ́ títí di ọ̀la, ìbáà jẹ́ eṣinṣin ló wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mi ò rí Dókítà. Mo bá a nílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Sístà," ni ó wí, "a pe gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn kú náà, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tí à ń gbé wọn lọ bá yìí, ta ni? Kì í ṣe èèyàn náà ni?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, mi ò sì fẹ́ kó débẹ̀.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lọ sí ibi dúrọ́ọ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù jáde. Ó kọ ọ́ lábẹ́ àtùpà: iṣẹ́ abẹ ẹnu àti egungun ojú. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rí wúruwùru bíi ti ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ó fi í sínú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Ẹ bá mi fi sílẹ̀ lọ́la. Mo mọ ara mi, bó bá sùn lọ́dọ̀ mi, màá ya á. Ẹ má dá a padà fún mi, Sístà. Bí mo bá tilẹ̀ kúnlẹ̀, ẹ má dá a padà."

Mo gbà á. Mo gbé e lọ sílé mi ní Ìlàjẹ. Ó gbé orí tábìlì mi, èmi àti rẹ̀ ń wo ara wa. Iṣẹ́ mi, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀rá yẹn. Mo mọ̀ pé bí fọ́ọ̀mù bá sọnù, kò sẹ́ni tó máa bi mí.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn. Dókítà ni. Kò wọ bàtà tó dọ́gba. Mo ráyè mú fọ́ọ̀mù náà lórí tábìlì, mo sọ ọ́ sórí àga, mo sì jókòó lé e. Ó wọlé, kò kí mi, ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Sístà mi, ẹ dákun. Ẹ fún mi padà. Mi ò fojú kan oorun. Bí mo bá ti dijú, ọmọ yẹn á di ọwọ́ mi mú. Mi ò lè ṣe é. Ti ará ìlú yẹn tó mi. Ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ dákun."

Ó di eékún mi mú. Mò ń gbọ́ bí ọ̀rá ṣe ń dún lábẹ́ mi. Ọlọ́run ló mọ̀ bó ṣe rọrùn tó: kí n kàn dìde ni. Ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi náà á padà síbi iṣẹ́ mi, ayé á máa lọ. Ara mi ń sọ pé dìde, Sabina. Mo rí Rilwan lójú ọkàn mi, mo rí agolo mílíìkì yẹn.

"Dókítà," mo ní, "ó ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Ará ojúlé wa kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn níbẹ̀. Aago mẹ́fà ló ti gbé e lọ."

Irọ́ ni. Kò sí ẹnì kankan ní ojúlé wa tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Dókítà wò mí títí. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó wá gbé iwájú orí rẹ̀ lé orúnkún mi, ó mí kanlẹ̀, mo gbọ́ ọ bó ṣe wí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Alhamdulillahi. Alhamdulillahi." Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó ní òun ń lọ wo Rilwan.

Mo dúró kí ó yí kọ̀nà tán. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo na fọ́ọ̀mù tó ti rún, mo wá ọ̀kadà. Ojú ọ̀nà dí, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni mo dé ibi fèrèsé. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo fọ́ọ̀mù, ó wò mí.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Rárá. Ọ̀gá mi ló ni ín."

"Kí ló dé tó rún báyìí?"

"Ẹ ṣáà lu òǹtẹ̀," mo ní. Ó lù ú. Ó gbé e sórí àwọn yòókù.

Mi ò kúrò níbẹ̀. Mo bi í bóyá èèyàn ṣì lè gbà á padà báyìí. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá nítorí Dókítà ni mo ṣe béèrè, tàbí nítorí tèmi.

"Rárá, màmá. Ó ti wọlé."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo bá wá bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá ògiri, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀ láàárín àwọn àlejò, nítorí pé mi ò níṣẹ́ mọ́.